Ṣé Ọlọ́run ní ìyá ni?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé, inú Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ fẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà. Lọ́jọ́ tí a lọ mọ ilé wọn, bàbá ìyàwó ló gbàdúrà. Nígbà tó dé ibi tó ti ní 'Màríà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́run', gbogbo ilé wọn gbè é. Èmi ò lè ṣe àmín. Ọlọ́run tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, ta ló bí i? Ṣé Bíbélì ló pe Màríà bẹ́ẹ̀, àbí ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ìgbéyàwó ti sún mọ́lé, wọ́n á sì tún sọ ọ́. Kí ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìyàwó, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ wọ́n kalẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín pé àmín kò jáde lẹ́nu yín. Ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, bíṣọ́ọ̀bù olú-ìlú ìjọba Róòmù ní ìlà oòrùn béèrè ohun tí ẹ béèrè yìí gan-an. Ìbéèrè náà gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ di èrò aginjù, ìjọ Kristẹni sì fi ọ̀rọ̀ náà pín sí ọ̀nà tí kò tíì padà di ọ̀kan títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn ní ṣókí. "Ìyá Ọlọ́run" kò sí nínú Bíbélì ní gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni ti Èlísábẹ́tì nínú Lúùkù 1:43, tó pe Màríà ní "ìyá Olúwa mi". Àwọn Kristẹni tó ń sọ èdè Gíríìkì ló ń pè é ní Theotokos, ẹni tó bí Ọlọ́run. Alexander, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, lò ó nínú lẹ́tà kan ní nǹkan bí ọdún 324 láìṣe àlàyé kankan lé e, bí ẹni tó mọ̀ pé kò ṣàjèjì sétí ẹni tí òun ń kọ̀wé sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rò pé inú Màríà ni Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjà sì bẹ́, orí Jésù ni ìjà náà wà. Ta gan-an ni ọmọ tí wọ́n tẹ́ sínú ibùjẹ ẹran yẹn?

Ìjà yẹn ti pẹ́ nílẹ̀ kó tó kan ìyá rẹ̀. Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà, ní Ọlọ́run Baba nìkan ni kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀dá ni Ọmọ, bó tilẹ̀ ga ju gbogbo ẹ̀dá yòókù lọ, àti pé ìgbà kan wà tí kò sí. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Náísíà lọ́dún 325 dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n lé Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà tó dúró lórí rẹ̀ pé Ọlọ́run tòótọ́ ni Ọmọ, kúrò nílùú. Ní bíi 60 ọdún lẹ́yìn Náísíà, bíṣọ́ọ̀bù Gregory ará Nyssa ṣì ń ráhùn nípa Constantinople, olú-ìlú ìjọba Róòmù ní ìlà oòrùn. Ó ní bí èèyàn bá lọ ṣẹ́ owó, ẹni tó ń ṣẹ́wó á máa sọ fún un nípa Ẹni tí a bí àti Ẹni tí a kò bí. Bó bá béèrè iye búrẹ́dì, wọ́n á ní Baba ju Ọmọ lọ. Bó bá béèrè bóyá omi ìwẹ̀ ti gbóná, wọ́n á ní láti inú òfo ni Ọmọ ti wá. Ẹni tó bá rò pé àwa la kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dá ọjà dúró kò tíì ka ìtàn yẹn.

Àpérò míì ní Constantinople lọ́dún 381 fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀: Ọlọ́run pátápátá ni Ọmọ. Ìbéèrè wá yí padà. Bó bá jẹ́ Ọlọ́run pátápátá, báwo ló ṣe tún jẹ́ ènìyàn? Apollinaris ti Laodíkíà dáhùn pé ara ènìyàn ló gbé wọ̀, pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló dúró ní ipò tí ọkàn àti èrò ènìyàn ì bá wà. Gregory mìíràn, ti Nazianzus, kò gbà fún un. Ó ní ohun tí Kristi kò bá gbé wọ̀, kò wò ó sàn. Inú èrò wa gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí Jésù kò bá ní èrò ènìyàn, ibi tó ń dùn wá jù ló fò dá yẹn. Mi ò tíì rí ẹni tó fèsì tó dára ju ìyẹn lọ.

Ibi tí ìbéèrè yín ti wọlé nìyí. Ní oṣù kẹrin ọdún 428, olú-ọba Theodosius Kejì mú mọ́ǹkì kan láti Áńtíókù, Nestorius, ó fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù Constantinople, tí à ń pè ní Istanbul báyìí. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, sùúrù ni kò ní. Nínú ìwàásù àkọ́kọ́ tó ṣe ló ti sọ fún olú-ọba pé kí ó fún òun ní ayé tí kò sí aládàámọ̀ nínú rẹ̀, òun á sì fún un ní ọ̀run. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn èyí, ó ní kí wọ́n wó ilé àdúrà àwọn ọmọlẹ́yìn Arius. Àwọn yẹn fi iná sí i fúnra wọn, iná ran àwọn ilé tó yí i ká, ni àwọn ará ìlú bá sọ bíṣọ́ọ̀bù ní Dánásunlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọjọ́ iná yẹn tí a bá dé ibi tí wọ́n ti ń pe òun náà ní aládàámọ̀.

Àlùfáà kan tó bá a wá láti Áńtíókù, Anastasius, gun orí àga ìwàásù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe Màríà ní Theotokos mọ́: obìnrin lásán ni, Ọlọ́run kò sì lè ti inú obìnrin jáde. Ìjọ fárígá. Nestorius kò bá a wí, ó gbè é lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé òun bá ìjà nílé ni: àwọn kan ń pe Màríà ní ẹni tó bí Ọlọ́run, àwọn kan ń pè é ní ẹni tó bí ènìyàn, òun sì fẹ́ fi Christotokos, ẹni tó bí Kristi, parí rẹ̀. Láìpẹ́, amòfin kan tó ń jẹ́ Eusebius lẹ ìwé mọ́ gbangba nínú ìlú, ó to ọ̀rọ̀ Nestorius sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Paul ti Samosata, tí wọ́n ti yọ nípò ní ọ̀rúndún kẹta nítorí ó ní ènìyàn lásán ni Jésù. Ó ní kí aráyé wá wò ó bóyá ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà. Nestorius kò sọ pé ènìyàn lásán ni Jésù rí. Ohun tó ń dà á láàmú ni ohun tó ń dà yín láàmú, mà: ọlá Ọlọ́run. Jésù sùn nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó sọkún ní ibojì Lásárù. Ó ní òun kò mọ ọjọ́ àti wákàtí náà. Ọlọ́run kì í sùn, kì í sọkún, kò sì sí ohun tí kò mọ̀. Nítorí náà Nestorius pín in: èyí jẹ́ ti ènìyàn náà, ìyẹn jẹ́ ti Ọlọ́run tó ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n jẹ́rìí sí i pé ó tilẹ̀ sọ ọ́ lójúkojú fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan pé òun kò ní pe ọmọ oṣù méjì tàbí mẹ́ta ní Ọlọ́run. Gbólóhùn yẹn ló bà á jẹ́ jù.

Ẹni tó gbógun tì í ni Cyril, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà láti ọdún 412. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, Cyril kì í ṣe ẹni tí mo lè fi ṣe ọ̀rẹ́. Ní àsìkò rẹ̀, lọ́dún 415, ni àwọn Kristẹni tó ya bo ìgboro pa Hypatia, obìnrin onímọ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀. Àwọn onítàn ṣì ń jiyàn lórí bí ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù ṣe wà níbẹ̀ tó. Inú àwọn ará Alẹkisáńdíríà kò sì dùn láti ìgbà tí àpérò ọdún 381 ti ní ọlá Constantinople ni yóò tẹ̀ lé ti Róòmù. Ẹ̀gbọ́n ìyá Cyril tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù ṣáájú rẹ̀, Theophilus, ló ṣáájú nínú yíyọ John Chrysostom ní Constantinople lọ́dún 403, Cyril fúnra rẹ̀ sì bá a lọ. Ìjà oyè wà nínú ìjà ẹ̀kọ́ yìí, ẹni tó bá ní kò sí níbẹ̀ ń tan ara rẹ̀ ni.

Síbẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ gan-an, Cyril ló rí i yéké. Ó bi Nestorius pé ta ló kú lórí àgbélébùú? Bó bá jẹ́ ènìyàn kan tí Ọlọ́run ń gbé inú rẹ̀ ló kú, a jẹ́ pé ẹni rere kan ló kú, àwọn wòlíì náà sì kú. Jòhánù 1:14 kò sọ pé Ọ̀rọ̀ náà wọ inú ènìyàn kan. Ó ní "Ọ̀rọ̀ náà sì di ara". Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ Baba kí ayé tó wà, òun náà ni Màríà lóyún rẹ̀, òun ló sùn, òun ló sọkún. Ó jìyà láìjìyà, gẹ́gẹ́ bí Cyril ti fẹ́ràn láti máa sọ ọ́: àbùdá Ọlọ́run rẹ̀ kò lè jìyà, ṣùgbọ́n òun ló ni ara tó ń jìyà náà.

Nígbà tí àwọn èèyàn wá bi í ní ìbéèrè yín pé báwo ni obìnrin ṣe lè bí ẹni tó ti wà ṣáájú rẹ̀, ìdáhùn tó fún wọn kò lè ṣòro fún abiyamọ láti gbọ́. Ó ní Ọlọ́run ló ń fi ẹ̀mí sínú ọmọ, ara nìkan ni ìyá ń fún un. Síbẹ̀, ta ló jẹ́ pe Èlísábẹ́tì ní ìyá ara Jòhánù? Ìyá Jòhánù ni, tara tẹ̀mí. Ẹ̀yin náà kò fún ọkọ ìyàwó ní ẹ̀mí, mà, ẹ ò sì jẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni pè yín ní ìyá ara rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹni là ń bí. Bí Ẹni tí Màríà bí bá jẹ́ Ọlọ́run, a jẹ́ pé ìyá Ọlọ́run ni. Bí kì í bá sì í ṣe ìyá Ọlọ́run, a ní láti sọ ẹni tó bí.

Theodosius pe àpérò sí Éfésù fún Pẹ́ńtíkọ́sì ọdún 431, ìlú kan náà tí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ti dá rúgúdù sílẹ̀ nítorí Pọ́ọ̀lù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19. Oòrùn mú, àìsàn wọlé, àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan tilẹ̀ kú níbi tí wọ́n ti ń dúró. John, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ì bá gbè sẹ́yìn Nestorius ṣì wà lójú ọ̀nà. Bíṣọ́ọ̀bù 68 kọ̀wé pé kí wọ́n dúró de wọn. Candidian, aṣojú olú-ọba, fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀. Cyril kò gbọ́. Ní June 22 ó ṣí ìpàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ́ orúkọ Màríà.

Wọ́n pe Nestorius lẹ́ẹ̀mẹta, kò yọjú. Àwọn sójà ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Wọ́n ka Ìgbàgbọ́ Náísíà. Wọ́n ka lẹ́tà Cyril sí Nestorius, àwọn bíṣọ́ọ̀bù sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ pé ó bá ti Náísíà mu. Wọ́n ka èsì Nestorius, ariwo ègún sọ. Kó tó di alẹ́ wọ́n ti yọ ọ́ nípò, bíṣọ́ọ̀bù tó tó 200 fọwọ́ sí i, lẹ́tà tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí i pè é ní Júdásì tuntun. Àwọn ará ìlú ti dúró síta láti àárọ̀. Wọ́n fi ògùṣọ̀ sin àwọn bíṣọ́ọ̀bù dé ilé ibi tí wọ́n wọ̀ sí, àwọn obìnrin sì ń fi tùràrí ṣáájú wọn. Cyril fúnra rẹ̀ ló kọ èyí sílé, inú rẹ̀ sì dùn.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni John wọ̀lú. Òun àti bíṣọ́ọ̀bù bíi 43 ṣe ìpàdé tiwọn, wọ́n yọ Cyril àti Memnon, bíṣọ́ọ̀bù Éfésù. Àwọn aṣojú Póòpù tún dé láti Róòmù ní July, wọ́n gbè sẹ́yìn Cyril. Olú-ọba tí gbogbo rẹ̀ ti sú gbà pé kí wọ́n yọ Nestorius, Cyril àti Memnon, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi wọ́n sí àtìmọ́lé. Ní àsìkò yẹn ni ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀ sí í ti Alẹkisáńdíríà lọ sí ààfin. Àkójọ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ títí dòní, pẹ̀lú orúkọ ìjòyè tí wọ́n fún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: wúrà, kápẹ́ẹ̀tì, àga eyín erin. Àwa la mọ bí a ṣe ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Cyril padà sílé sórí àga rẹ̀. Nestorius ní kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sí ilé àwọn mọ́ǹkì nítòsí Áńtíókù, wọ́n sì jẹ́ kó lọ.

Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ lọ́dún 433. John àti Cyril parí ìjà. Àwọn ará Áńtíókù ló kọ ìwé àdéhùn náà, Cyril sì fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀: Jésù Kristi jẹ́ Ọlọ́run pípé àti ènìyàn pípé, ó bá Baba dọ́gba ní ti Ọlọ́run, ó bá wa dọ́gba ní ti ènìyàn, àbùdá méjì ló so pọ̀ di ọ̀kan, nítorí náà Theotokos ni Màríà. Ọwọ́ ẹgbẹ́ Nestorius fúnra wọn ni wọ́n fi kọ Theotokos sílẹ̀. Bí Cyril bá ti dúró ní ọjọ́ mẹ́rin péré ní Éfésù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fẹnu kò síbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí àwọn ọ̀rẹ́ Nestorius fi ra àlàáfíà náà ni Nestorius. Wọ́n gbà pé kí ìyọnípò rẹ̀ dúró. Ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn èyí, olú-ọba ní kí wọ́n lé e lọ, wọ́n gbé e dé Kharga, ìlú olómi kan láàárín aginjù Íjíbítì, ó sì parí ayé rẹ̀ ní ilẹ̀ Íjíbítì yẹn, lábẹ́ ojú àwọn ará Cyril. Ó kọ ìwé kan níbẹ̀ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Síríákì ni wọ́n tó rí ní 1895, àwọn tó kà á sì rí i pé kò gbà rárá pé òun sọ Kristi di ẹni méjì.

Ìyókù, màá yára lé e. Eutyches, mọ́ǹkì àgbà kan tó fẹ́ràn Cyril ju bó ṣe yé e lọ, ní àbùdá méjì wà kí wọ́n tó so pọ̀, lẹ́yìn náà ó ku ẹyọ kan. Àpérò kejì ní Éfésù lọ́dún 449 dá a láre. Wọ́n lu Flavian, bíṣọ́ọ̀bù Constantinople, kò sì pẹ́ tó fi kú. Póòpù Leo pe ìpàdé náà ní ti ọlọ́ṣà. Ẹṣin gbé olú-ọba ṣubú, ó kú lọ́dún 450, afẹ́fẹ́ yí padà. Lọ́dún 451, bíṣọ́ọ̀bù tó lé ní 500 pé jọ sí Kalisídónì, ìlú kan nítòsí Constantinople, wọ́n kọ ọ́ pé Kristi kan náà ni a mọ̀ nínú àbùdá méjì, láìdàpọ̀, láìyípadà, láìpín, láìyà. Ẹ wo bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe jẹ́ "kì í ṣe èyí". Wọ́n ṣọgbà yí ohun tí wọn kò lè ṣàlàyé ká, wọ́n sì fi sílẹ̀ síbẹ̀. Nínú iṣẹ́ àpérò gbogbo, mo gbà pé èyí ló gbọ́n jù.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Íjíbítì kò fọwọ́ sí i. Wọ́n bẹ àwọn yòókù pé bí àwọn bá fọwọ́ sí i, àwọn ará ilé á pa àwọn. Wọn ò ṣàwàdà: lọ́dún 457 èrò pa Proterius, bíṣọ́ọ̀bù tí Kalisídónì fi sí Alẹkisáńdíríà. Látìgbà náà ni ìjọ Kóbítíìkì, Etiópíà, Àméníà àti ti Síríà ti dá dúró, wọ́n ń sọ gbólóhùn tí Cyril fẹ́ràn jù, "àbùdá kan ti Ọlọ́run Ọ̀rọ̀ tó di ara". Cyril rò pé Athanasius ló sọ gbólóhùn yẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Apollinaris ló ti wá, wọ́n kàn fi orúkọ Athanasius bò ó ni. Ní apá kejì, ìjọ tó wà ní ilẹ̀ Páṣíà kò gbà pé Nestorius jẹ̀bi. Àwọn ni wọ́n gbé ìhìnrere dé Ṣáínà lọ́dún 635. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ ìtàn náà sí lọ́dún 781 ṣì wà ní Xi'an.

Ó kù ọ̀rọ̀ àmín. Ẹ ya ohun méjì sọ́tọ̀ nínú àdúrà àwọn àna yín. "Ìyá Ọlọ́run" jẹ́ ẹ̀rí nípa Jésù, ìjọ yín náà sì gbà pé Ọlọ́run tòótọ́ àti ènìyàn tòótọ́ ni. Luther tó bá Póòpù jà kò bá gbólóhùn yẹn jà. Bí ẹ bá ṣe àmín síbẹ̀, ẹ kò sọ ju ohun tí Tọ́másì sọ nígbà tó pe Jésù ní "Olúwa mi àti Ọlọ́run mi". "Gbàdúrà fún àwa ẹlẹ́ṣẹ̀" tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ mìíràn, ìjà ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni, Éfésù kò sì bá yín dá sí i. Ibẹ̀ ni ìjọ Àgùdà àti ìjọ yín ti yàtọ̀ ní tòótọ́, kò sì sí àna rere tí yóò bínú bí ẹ bá dákẹ́ níbẹ̀.

Bí ó bá ṣì nira fún yín láti sọ "Ìyá Ọlọ́run", ẹ sọ "Ìyá Kristi, Ọlọ́run wa". Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ Páṣíà ìjelòó ṣe ń sọ ọ́. Ní November 11, 1994, Póòpù John Paul Kejì àti Mar Dinkha Kẹrin, olórí ìjọ Ásíríà ti Ìlà Oòrùn tó ti ara ìjọ Páṣíà náà wá, fọwọ́ sí ìwé kan náà ní Róòmù, pé ìgbàgbọ́ kan náà ló wà nínú ọ̀nà ìpè méjèèjì àti pé méjèèjì ló tọ́. Bí bàbá ìyàwó bá bi yín léèrè, ẹ lè sọ fún un pé Póòpù tirẹ̀ ló fọwọ́ sí i.